Ààlà Tó Wà Ṣùgbọ́n Tí Kò Níṣẹ́: Kí Ló Yẹ Kí O Fi Owó Rẹ Rà Kún Un?

Bóyá inú danfo lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ abọ́, bóyá ẹ kàn dùbúlẹ̀ tí ẹ ń yí fóònù lọ́wọ́, ẹ fi earpiece sétí, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ nínú ètò náà nìyí. Ikọ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nìkan ni mo yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sá. Mi ò ní ní kí ẹ mú bírò jáde. Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: tí owó díẹ̀ bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ láti fi gbé òwò rẹ ga, kí ló yẹ kí o rà kún èyí tó wà nílẹ̀? Ṣé ọjà ni? Ṣé àkókò ni? Ṣé ẹ̀rọ ni? Ìṣirò kan wà tó ń dáhùn ìbéèrè yìí, linear programming ni wọ́n ń pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí kọ̀ǹpútà máa fún ẹ ní nọ́ńbà tí kò ní àṣìṣe kankan nínú, tí o bá sì fi owó rẹ tẹ̀ lé e, òfo lo máa bá bọ̀. Ìgbà yẹn gan-an la fẹ́ tú wò.

Ẹ wo fóònù yín ná

Ká ní o fẹ́ dáńlóòdù fíìmù sílẹ̀ de òpin ọ̀sẹ̀. Fíìmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíìgì 1. Dátà tó kù fún ẹ jẹ́ gíìgì 5. Ààyè tó ṣófo lórí fóònù rẹ jẹ́ gíìgì 60. Fíìmù mélòó lo máa rí gbà? Márùn-ún ni, àbí? Dátà ló dá ẹ dúró.

Ẹ wá wo gíìgì 60 yẹn. Ààlà ni lóòótọ́, o kò lè kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n o kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé, nítorí dátà ti dì ẹ́ mú lọ́nà. Bí ẹnì kan bá wá tà ẹ́ ní memory card lónìí, fíìmù rẹ kò ní di mẹ́fà. Irú ààlà báyìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní redundant constraint. Èmi máa pè é ní ààlà aláìníṣẹ́. Ó wà lórí ìwé, ó ń gba ààyè, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, kò sí ohun tó máa yí padà.

Lórí fóònù, ojú lásán ti tó láti rí i. Ó máa ń le nígbà tí nǹkan bá pọ̀.

Ibi tí ìṣirò yìí ti wá

Ní ọdún 1939, ọ̀gbẹ́ni Leonid Kantorovich ní ìlú Leningrad, ní Soviet Union, gbé ìwé kan jáde lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe lè pín ẹ̀rọ àti ohun èlò kí iṣẹ́ tó jáde lè pọ̀ jù. Àwọn tó ń ṣe pákó plywood ló wá bá a pẹ̀lú ìbéèrè. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1947, George Dantzig, tó ń bá iléeṣẹ́ ológun òfúrufú ṣiṣẹ́, hùmọ̀ ọ̀nà kan tó ń jẹ́ simplex láti fi wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè báyìí.

Ọ̀kan lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán simplex wò ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. George Stigler, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ti béèrè ní ọdún 1945 pé: nínú oúnjẹ 77, èwo ni kí ọkùnrin kan máa jẹ, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kí èròjà aṣaralóore 9 lè pé lára rẹ̀, kí owó tó máa ná sì kéré jù? Òun fúnra rẹ̀ fi ọgbọ́n orí wá a, ó dé dọ́là 39.93 fún ọdún kan, ní iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní 1939. Nígbà tí wọ́n wá fi simplex ṣe é ní 1947, kò tíì sí kọ̀ǹpútà bíi tòní. Èèyàn ló jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì, iṣẹ́ náà sì gbà tó ọgọ́fà ọjọ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Ìdáhùn wọn jẹ́ dọ́là 39.69. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n orí Stigler fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, sẹ́ǹtì 24 péré ló fi jìnnà sí i.

Ó tó báyìí fún ìtàn. Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná.

Puff-puff àti chin-chin

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo obìnrin kan n'Íbàdàn. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀ o, nọ́ńbà rẹ̀ náà, èmi ni mo ṣe é kí ìṣirò lè rọrùn. Ó ń dín puff-puff àti chin-chin fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Abọ́ ńlá ńlá ló fi ń tà á. Abọ́ puff-puff kan máa ń mú èrè ₦2,000 wá fún un. Abọ́ chin-chin kan máa ń mú ₦3,000 wá.

Lọ́sẹ̀ kan, ohun tó ní rèé:

Fúláwà: kílò 40. Abọ́ puff-puff kan ń jẹ kílò 1, abọ́ chin-chin kan ń jẹ kílò 2.

Wákàtí ìdáná: 30. Abọ́ kan, wákàtí kan, yálà puff-puff ni o tàbí chin-chin.

Ṣúgà: ife 70. Puff-puff ń gba ife 1, chin-chin ń gba ife 3.

Òróró tún wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òróró sílẹ̀ ná. Òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀.

Abọ́ mélòó ni kó ṣe lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí èrè rẹ̀ lè pọ̀ jù?

Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí. Ẹ wo ilẹ̀ kan: bí ẹ bá ń lọ sí ọ̀tún, puff-puff ń pọ̀, bí ẹ bá ń lọ sókè, chin-chin ń pọ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan tó ní òdiwọ̀n jẹ́ ọgbà tí wọ́n fi wáyà gbọọrọ ná, ó ní "ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ibí." Gbogbo ibi tí àwọn wáyà yìí jọ gbà yín láàyè láti dúró sí ni ilẹ̀ yín. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà láàárín ilẹ̀, ẹ ṣì lè rìn síwájú kí èrè pọ̀ sí i. Tí ẹ bá kan wáyà, ẹ máa gba ara rẹ̀ lọ títí ẹ fi máa dé igun, níbi tí wáyà méjì ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí èrè tó pọ̀ jù fi máa ń wà ní igun. Iṣẹ́ simplex kò sì ju pé kó máa rìn láti igun kan sí òmíràn, kí èrè máa pọ̀ sí i, títí kò fi ní sí igun tó tún sàn jù ú lọ.

Igun ilẹ̀ obìnrin yìí, yàtọ̀ sí ibi òdo, mẹ́ta ni. Abọ́ puff-puff 30 nìkan: ₦60,000. Abọ́ chin-chin 20 nìkan: ₦60,000. Puff-puff 20 pẹ̀lú chin-chin 10: ₦40,000 àti ₦30,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Èyí ló borí. Fúláwà tán pátá, 20 àti 20 jẹ́ 40. Wákàtí náà tán, 20 àti 10 jẹ́ 30.

Ṣúgà kò níṣẹ́

Ó kù ṣúgà. Ní igun yẹn, ife 50 ló lò, 20 ṣẹ́kù. Ṣé ìyẹn ti fi hàn pé ṣúgà jẹ́ ààlà aláìníṣẹ́? Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í mú. Pé nǹkan ṣẹ́kù lónìí kò túmọ̀ sí pé kò lè dí ẹ lọ́wọ́ lọ́la.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ dájú rèé. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ èrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mú ààlà ṣúgà kúrò. Ẹ wá béèrè pé: pẹ̀lú fúláwà àti wákàtí tí mo ní, ṣúgà tí mo lè lò jù, mélòó ni? Ẹ yẹ igun kọ̀ọ̀kan wò. Puff-puff 30, ife 30. Puff-puff 20 àti chin-chin 10, ife 50. Chin-chin 20, ife 60. Ó parí. Bó ti wù kó ṣe é, kò lè lo ju ife 60 lọ. Ife 70 ló sì ní. Nítorí náà ṣúgà kò lè dá a dúró láé, ì báà jẹ́ puff-puff ló wọ́n lọ́jà, ì báà jẹ́ chin-chin. Ààlà aláìníṣẹ́ nìyẹn. Tí oníṣúgà bá pariwo ẹ̀dínwó, kó dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, kó máa lọ.

Ẹ wá wò ó tó bá jẹ́ pé ife 55 ló ní. Ní igun tó dára jù, 50 ló ń lò, ife 5 ṣì ṣẹ́kù. Ó jọ ti tẹ́lẹ̀, àbí? Kò jọ ọ́ o. Ká ní ọdún dé, èrè orí abọ́ chin-chin wá di ₦5,000. Ó ti wá dára jù kó ṣe chin-chin 20 nìkan, kó gba ₦100,000. Ṣùgbọ́n chin-chin 20 fẹ́ ife ṣúgà 60. Pẹ̀lú 55, ibi tó máa lè dé ni puff-puff 10 àti chin-chin 15, tí í ṣe ₦95,000. Ṣúgà tó ń sùn ti jí, ó sì ti mú ₦5,000 lọ.

Ẹ rí ìyàtọ̀ náà? Ààlà tó ń sùn yàtọ̀ sí ààlà aláìníṣẹ́. Èyí tó ń sùn, owó ọjà lè jí i. Aláìníṣẹ́, kò sí owó ọjà tó lè jí i, àfi tí òdiwọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀ tàbí ti àwọn yòókù bá yí padà.

Ohun kan tún wà. Àwọn ààlà méjì lè máa sọ ohun kan náà. Ká ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ sọ pé o kò gbọdọ̀ ju wákàtí 30 lọ, ìwé àdéhùn rẹ náà sì sọ pé o kò gbọdọ̀ ju wákàtí 30 lọ. Tí ìwé bá wà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá kò fi nǹkan kún un. Tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá bá wà, ìwé kò fi nǹkan kún un. Olúkúlùkù wọn jẹ́ aláìníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè yọ méjèèjì pọ̀! Ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ̀kan. Àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní apá kan tí wọ́n ń pè ní presolve, tó máa ń gbá ilé báyìí kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Òróró dé

Wàyí o, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Òróró: ife 100 ló ní. Abọ́ puff-puff kan ń gba ife 3, abọ́ chin-chin kan ń gba ife 4.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdánwò wa. Láìka ti òróró, òróró mélòó ló lè lò jù? Puff-puff 30, ife 90. Chin-chin 20, ife 80. Puff-puff 20 àti chin-chin 10, ife 60 àti 40, ọgọ́rùn-ún géérégé. Ọgọ́rùn-ún náà ló sì ní. Wáyà òróró kò gé ibì kankan kúrò lára ilẹ̀ wa. Ó kàn wá fara kan igun kan ṣoṣo, igun tó dára jù yẹn gan-an, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tó fara ti òpó ilé onílé.

Ṣé aláìníṣẹ́ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá yọ ọ́, ilẹ̀ náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n wíwà rẹ̀ níbẹ̀ ti dá nǹkan sílẹ̀. Wáyà méjì péré ló tó láti ṣe igun lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ní igun yìí, mẹ́ta ló pàdé: fúláwà, wákàtí, òróró. Àga ẹni méjì ni, èèyàn mẹ́ta ló sì jókòó lé e. Ohun tí wọ́n ń pè ní degeneracy nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibo wá ni owó ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá parí iṣẹ́, kì í sọ iye abọ́ nìkan. Ó tún máa ń sọ iye tí ohun kọ̀ọ̀kan tó ní òdiwọ̀n jẹ́ fún ẹ: tí o bá rí ẹyọ kan kún un, èló ni èrè rẹ máa fi pọ̀ sí i? Shadow price ni wọ́n ń pè é. Òun gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń pinnu ohun tí wọ́n máa rà kún èyí tí wọ́n ní.

Láti ṣírò rẹ̀, kọ̀ǹpútà máa ń mú ààlà méjì tó ṣe igun náà. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ló wà níbẹ̀! Èwo ló máa mú?

Tó bá mú fúláwà àti wákàtí, ó máa sọ pé: kílò fúláwà kan jẹ́ ₦1,000, wákàtí kan jẹ́ ₦1,000, òróró jẹ́ òdo. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 40 lọ́nà ₦1,000 àti 30 lọ́nà ₦1,000, ₦70,000 ni. Ó pé.

Tó bá mú fúláwà àti òróró, ó máa sọ pé: kílò fúláwà kan jẹ́ ₦500, ife òróró kan jẹ́ ₦500, wákàtí jẹ́ òdo. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ₦20,000 àti ₦50,000, ₦70,000 ni. Ó tún pé!

Ìdáhùn méjì, òtítọ́ méjì, ilé ìdáná kan náà. Ọ̀kan ní wákàtí kan tó ₦1,000. Èkejì ní kò tó kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà kò sì ní fi méjèèjì hàn ẹ́. Ọ̀kan tó bá kọ́kọ́ kàn lójú ọ̀nà ló máa tẹ̀ jáde.

Ká wá ní ọmọbìnrin àdúgbò kan wá sọ pé, "Ẹ ẹ̀ jẹ́ n máa wá ràn yín lọ́wọ́, mà? ₦800 ni mo máa gbà fún wákàtí kan." Obìnrin wa wo ìwé: wákàtí kan jẹ́ ₦1,000. Èrè ₦200! Ó gbà á síṣẹ́. Wákàtí di 31. Èló ni èrè di? Ẹ bá mi kálọ. Tó bá fẹ́ lo wákàtí 31 àti fúláwà 40 tán, puff-puff 22 àti chin-chin 9 ni. Ìyẹn fẹ́ ife òróró 102. Ọgọ́rùn-ún ló ní. Kò ṣe é ṣe. Tó bá lo wákàtí 31 pẹ̀lú òróró 100, puff-puff 24 àti chin-chin 7 ni, ₦69,000, ó tún kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ibi tó dára jù ṣì ni 20 àti 10, ₦70,000. Wákàtí tuntun yẹn kò mú kọ́bọ̀ wọlé. ₦800 ti lọ.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní iná mú kí wákàtí kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku 29. Ohun tó dára jù wá di puff-puff 18 àti chin-chin 11, ₦69,000. Ó pàdánù ₦1,000 géérégé. Nítorí náà, ₦1,000 tí kọ̀ǹpútà kọ, òótọ́ ni tí wákàtí bá dín. Kì í ṣe òótọ́ tí wákàtí bá pọ̀ sí i. Iye tí nǹkan jẹ́ nígbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ kò dọ́gba mọ́ pẹ̀lú iye tó jẹ́ nígbà tí o bá rà á kún un. Ohun tí degeneracy ń ṣe nìyí, tí ọ̀pọ̀ kì í rí.

Ṣé kò sí bí wákàtí yẹn ṣe lè wúlò ni? Ó wà. Tó bá ra wákàtí kan àti ife òróró méjì pọ̀, puff-puff 22 àti chin-chin 9 ti ṣeé ṣe nìyẹn, ₦71,000. Àwọn méjèèjì jọ mú ₦1,000 wá. Nítorí náà, kó fi owó ọmọbìnrin náà àti owó òróró pọ̀, tí àpapọ̀ wọn kò bá tó ₦1,000, kó ṣe é.

Simplex tó ń yí po lójú kan

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ̀ nípa wàhálà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ló kọ́kọ́ gbà dà wọ́n láàmú. Mo ti ní simplex máa ń rìn láti igun sí igun. Ní igun tí ààlà mẹ́ta ti pàdé, ó lè pààrọ̀ àwọn méjì tó ń lò láì kúrò lójú kan. Ó rò pé òun ti rìn. Kò kúrò. Èrè kò pọ̀ sí i. Ó tún pààrọ̀. Ó tún pààrọ̀. Tí kò bá ṣọ́ra, ó lè padà sí orí àwọn tó fi bẹ̀rẹ̀, kó wá máa yí po títí ayé, bí ọkọ̀ tó wọ roundabout tí kò rí ọ̀nà tó máa gbà jáde.

Ní ọdún 1953, Alan Hoffman gbé àpẹẹrẹ kan jáde tó fi hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Beale gbé òmíràn tó kéré sí i jáde ní 1955. Ṣáájú wọn, ní 1952, Charnes ti mú oògùn rẹ̀ wá: ẹ fi díẹ̀ bíńtín kún òdiwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí tòun má bàa dọ́gba pẹ̀lú tẹnì kejì, kí àwọn wáyà mẹ́ta náà má bàa pàdé lójú kan mọ́. Ní 1977, Robert Bland mú èyí tó rọrùn jù wá. Ó ní kí ẹ fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà. Nígbàkúgbà tí ẹ bá fẹ́ mú ẹni tó máa wọlé, tàbí ẹni tó máa jáde, tí ó sì ju ẹyọ kan lọ tó yẹ, ẹ mú ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù. Òfin yìí nìkan ti tó. Ó fi ẹ̀rí hàn pé simplex kò ní yí po mọ́ láé. Ó kàn lè lọ́ra ni.

Lónìí, yíyípo títí ayé ṣọ̀wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé kó máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lójú kan fún ìgbà pípẹ́ kó tó kúrò.

Ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù

Ẹ lè ní òróró géérégé 100 yẹn, orí-kò-yọ ni, kì í ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ wo àwọn dispatch rider. Ká ní ọlọ́kadà 5 wà, ẹrù 5 wà. Ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kan, ẹrù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí ọlọ́kadà kan. Ta ni kó gbé èwo kí epo tí wọ́n máa jó lè kéré jù?

Ìbéèrè 25 ló wà níbẹ̀, torí ẹni kọ̀ọ̀kan lè gbé èyíkéyìí. Òfin 10 ló wà, 5 fún ọlọ́kadà, 5 fún ẹrù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú òfin 10 yẹn kò níṣẹ́: tí gbogbo ọlọ́kadà bá ti gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan, tí ẹrù mẹ́rin sì ti rí ẹni tó gbé wọn, ẹrù karùn-ún ti rí tirẹ̀ nìyẹn, ẹ kò nílò òfin fún un. Ó ku 9. Simplex wá fẹ́ fi ohun 9 ṣe igun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò 5 péré ló máa wáyé. Mẹ́rin tó kù máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú òdo lọ́wọ́. Kò sì sí igun kan tí kò rí bẹ́ẹ̀! Gbogbo igun inú irú iṣẹ́ yìí ló ní degeneracy. Nítorí náà kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Nínú iṣẹ́ pínpín ènìyàn sí iṣẹ́, ìlànà rẹ̀ gan-an ló bí i.

Kí n tún fi ọ̀kan kún un, kí ẹ má bàa gbà pé níbi tí degeneracy bá wà, ẹnì kan níbẹ̀ kò níṣẹ́ dandan. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo pírámíìdì ilẹ̀ Íjíbítì. Ojú mẹ́rin ni wọ́n kọ́ ọ sí, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pàdé ní ṣóńṣó orí. Nínú ayé wa tó ní gígùn, ìbú àti gíga, ojú mẹ́ta ti tó láti ṣe ṣóńṣó. Nítorí náà ṣóńṣó yẹn ní degeneracy. Ẹ wá dánwò kí ẹ yọ ojú kan kúrò. Ṣé pírámíìdì ṣì ni? Ó ti di nǹkan mìíràn. Kò sí aláìníṣẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n kàn pọ̀ lójú kan ni.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ.

Àkọ́kọ́, kí ẹ tó ra nǹkan kún nǹkan, ẹ bi í pé: ṣé mo tiẹ̀ lè dé ibi òdiwọ̀n rẹ̀? Tí ẹ kò bá lè dé e, ẹ fi owó yín sápò.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń lo Solver nínú Excel, ẹ ṣí ìwé tó ń jẹ́ Sensitivity Report. Ẹ má wo Shadow Price nìkan. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Allowable Increase sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí òdo níbẹ̀, ó ń sọ fún yín pé nọ́ńbà dáadáa tí ẹ ń wò yẹn kò ní ṣiṣẹ́ kódà fún ẹyọ kan tí ẹ bá rà kún un. Àmì mìíràn ni pé kí nǹkan tán pátá, síbẹ̀ kí wọ́n kọ òdo síwájú iye rẹ̀, bíi ti òróró wa. Tí ẹ bá rí i, ẹ fura, ó ṣeé ṣe kí àga ẹni méjì ti gba ẹni mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta, ìyẹn ló rọrùn jù: ẹ tún un ṣe. Ẹ yí 30 padà sí 31, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo bóyá èrè gbéra. Ìṣẹ́jú kan ni. Ó sàn ju kí ẹ san ₦800 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún wákàtí tí òróró ò ní jẹ́ kí ẹ lò.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí lónìí nìyẹn. Tí ẹ bá ní òwò tí ẹ fẹ́ ká jọ ya ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì mọ èyí tó níṣẹ́ nínú ààlà yín àti èyí tí kò níṣẹ́, ẹ fi voice note ránṣẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń tà, ohun tó ń gbà, àti iye tí ẹ ní. Ẹ má sọ orúkọ oníbàárà yín. Màá mú mẹ́ta nínú wọn, a ó jọ ṣírò wọn nínú ètò tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń ronú láti ra ẹ̀rọ tuntun. Ó dìgbà o.